Bí ẹ ṣe lè hun ẹ̀gbà ọwọ́ ìlẹ̀kẹ̀ onílà méjì nílé

Bí ẹ bá rí ẹ̀gbà ọwọ́ ìlẹ̀kẹ̀ tó já láàárín òde, ẹ má tètè bá ìlẹ̀kẹ̀ wí. Okùn ló sábà máa ń jẹ̀bi. Okùn dẹ̀, tàbí kò kọjá ara rẹ̀ níbi tó yẹ, tàbí kókó ìparí yọ̀, ni gbogbo rẹ̀ bá fọ́n ká sílẹ̀. Nítorí náà, ojú okùn ni kí ẹ máa wò bí ẹ ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ìlẹ̀kẹ̀ á tẹ̀ lé e.

Irú híhun tí a fẹ́ ṣe rọrùn láti lóye bí ẹ bá ti rí àwọ̀n rí. Ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́rin ló ń di ojú kan. Ojú tó tẹ̀ lé e á yá ìlẹ̀kẹ̀ kan lò lára ti àkọ́kọ́, á sì fi mẹ́ta tuntun kún un, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ títí yóò fi yí ọwọ́ ká. Ìlà méjì la óò hun, fífẹ̀ rẹ̀ yóò tó mìlímítà 15. Ẹni tó bá ti mọ bí ìlà kejì ṣe ń gùn mọ́ ti àkọ́kọ́ lè hun mẹ́ta, ó lè hun mẹ́wàá.

Ohun èlò

Okùn ìpẹja ni kí ẹ lò, ọ̀rá tó mọ́ gaara tí àwọn apẹja ń so mọ́ ìwọ̀. Wọ́n máa ń kọ bó ṣe nípọn tó sára ohun tí wọ́n ká a mọ́, 0.30 mìlímítà ni ẹ ó wá. 0.20 rọ̀, ó sì dùn-ún fà, àmọ́ kò lágbára tó fún ẹ̀gbà tí èèyàn á máa wọ̀ jáde lójoojúmọ́. 0.40 le bíi wáyà, kì í jẹ́ kí ìlẹ̀kẹ̀ sún mọ́ra. Mítà 2 ààbọ̀ tó fún ẹ̀gbà kan. Iṣẹ́ fúnra rẹ̀ kò ní gbà ju nǹkan bíi mítà 1 àti sẹ̀ǹtímítà 75 lọ, ìyókù wà kí ìka yín lè rí nǹkan dì mú nígbà tí ó bá ń parí lọ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wò ó bóyá okùn náà ti pẹ́ nínú oòrùn lórí àtẹ. Ẹ gé díẹ̀, ẹ ta á ní kókó, ẹ fà á tagbáratagbára. Bó bá já wẹ́rẹ́ lójú kókó, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Rọ́bà tó ń nà kò bá iṣẹ́ yìí mu rárá: yóò máa fa àwọn ojú yẹn ṣí bí ẹ bá ti ń wọ̀ ọ́, yóò sì máa sọ wọ́n di wọ́gọwọ̀gọ.

Ìlẹ̀kẹ̀ roboto tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 4 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Kírísítà tó ní orí ṣónṣó méjì lẹ́wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n etí ihò rẹ̀ mú, ó máa ń ré okùn díẹ̀díẹ̀, ẹ ó sì nílò ojú tó pọ̀ ju èyí tí a kà síbí lọ nítorí pé ó máa ń sún mọ́ra ju roboto lọ. Ẹ jẹ́ kó di ẹ̀gbà kejì tàbí ìkẹta.

Ní ti ohun tí wọ́n fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀, dígí tí àwọ̀ rẹ̀ wà nínú dígí gan-an ló ń tọ́jọ́. Ní Igbó Olókùn nílé Ifẹ̀, wọ́n ti ń fi dígí ṣe ìlẹ̀kẹ̀ kí ọkọ̀ òyìnbó kankan tó gúnlẹ̀ sí etíkun wa, èyí tí wọ́n sì wú jáde nílẹ̀ níbẹ̀ ṣì ní àwọ̀ aró rẹ̀ lára. Ike tí wọ́n kùn ní àwọ̀ péálì tàbí wúrà kò lè rí bẹ́ẹ̀. Òógùn àti lọ́fínńdà máa ń bó o. Ẹ fi èékánná họ ọ̀kan wò lọ́jà. Bí àwọ̀ bá ṣí, ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ fowó yín rà nìyẹn.

Fún ọwọ́ tí ìyíká rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 17, iye tí ẹ ó lò nìyí:

Ìlẹ̀kẹ̀ etí (èyí tó tò sí etí òkè àti etí ìsàlẹ̀ ẹ̀gbà), pupa bí iyùn: 56
Ìlẹ̀kẹ̀ òpó (èyí tó dúró lóòró láàárín ojú kan àti èkejì), àwọ̀ wúrà: 58
Ìlẹ̀kẹ̀ àárín (èyí tí ìlà méjèèjì jọ ń lò), funfun: 28
Ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́, mìlímítà 2, àwọ̀ wúrà: 66
Húùkù kan tó ní òrùka lára, àti ṣéènì wẹ́wẹ́ tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 5

Ẹ fi mẹ́wàá-mẹ́wàá lé oríṣi kọ̀ọ̀kan, nítorí kò sí okùn ìlẹ̀kẹ̀ tí a rà lọ́jà tí ẹ ò ní rí èyí tí ihò rẹ̀ dí tàbí tó sanra ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ ṣà wọ́n kúrò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ kan péré tó tóbi jù yóò gbé ojú rẹ̀ sókè bí èékánná tó hù síta. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, ẹ nílò sísọ́ọ̀sì tó mú, rúlà, kútẹ́ẹ̀sì tí kò láwọ̀, àti tọ́wẹ̀lì tí ẹ ó tẹ́ sórí tábìlì kí ìlẹ̀kẹ̀ má bàa yí dànù. Abẹ́rẹ́ kò pọn dandan. Okùn ìpẹja le tó láti wọ ihò fúnra rẹ̀ bí ẹ bá gé ẹnu rẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Bó bá ti ń rọ̀, ẹ tún un gé.

Bí ẹ bá fẹ́ yí àwọ̀ padà, kò burú, ṣùgbọ́n àwọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ ń sọ̀rọ̀ láàárín wa. Pupa àti funfun tó ń tẹ̀ léra, ti Ṣàngó ni. Funfun nìkan, ti Ọbàtálá. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Kúbà àti Brazil. Àwọ̀ ewé àti ti ìyeyè lọ́wọ́ òsì, Ifá ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí ní Kúbà. Ẹ mọ ohun tí ẹ wọ̀, kí ẹnì kan má lọ kí yín ní àbọrú àbọyè lójú títì kí ẹ má mọ ohun tí ẹ ó fi dá a lóhùn.

Wíwọn ọwọ́

Ọwọ́ ẹni tó máa wọ̀ ọ́ ni kí ẹ wọ̀n, kì í ṣe tiyín. Ẹ fi okùn tàbí téèpù yí egungun ọrùn ọwọ́ ká láìfún un, kí ẹ sì yọ sẹ̀ǹtímítà 1 kúrò: bí ìlẹ̀kẹ̀ híhun náà ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó nìyẹn, nítorí húùkù àti ṣéènì yóò dí ìyókù. Ojú kọ̀ọ̀kan tí a fi roboto mìlímítà 4 hun máa ń gba nǹkan bíi mìlímítà 5.6. Nípa bẹ́ẹ̀, ojú 28, pẹ̀lú òpó tó wà ní ìpẹ̀kun, yóò fún yín ní sẹ̀ǹtímítà 16 àti díẹ̀. Fún ọwọ́ ọmọdé tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 13, ojú 21 tó. Ẹ̀yìn tí ẹ bá ti mọ iye ojú, ìṣirò ìlẹ̀kẹ̀ kò le: etí jẹ́ ìlọ́po méjì iye ojú, àárín jẹ́ iye ojú gan-an, òpó jẹ́ ìlọ́po méjì pẹ̀lú méjì lórí.

Ìlà kìíní

Ẹ na okùn náà láàárín ọwọ́ méjèèjì, ẹ fi ìka gbá a lọ gbá a bọ̀ kó gbóná díẹ̀, kí kíká tó wà lára rẹ̀ lè tú. Okùn tí ẹ bá fi sílẹ̀ bó ṣe ká yóò máa lọ́ mọ́ ara rẹ̀ títí iṣẹ́ yóò fi parí.

Ẹ ki etí kan, òpó kan àti àárín kan bọ okùn, ní ìtò yẹn, ẹ sì sún wọn lọ sí ìdajì okùn gẹ́lẹ́. Òpó ni kó wà láàárín wọn. Ẹ kó ẹnu okùn méjèèjì pọ̀ kí ẹ rí i pé wọ́n gùn dọ́gba. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ níwájú yín: òpó lápá òsì, etí lókè, àárín nísàlẹ̀. Ẹnu okùn kan ń jáde láti ara etí, èkejì láti ara àárín, àwọn méjèèjì kọjú sí ọ̀tún.

Ẹ wá mú òpó mìíràn. Okùn tó wà lókè yóò wọ inú rẹ̀ látòkè, okùn tó wà nísàlẹ̀ yóò wọ inú rẹ̀ látìsàlẹ̀, wọn yóò pàdé nínú ihò kan náà bí ẹni méjì lójú ọ̀nà tóóró, oníkálukú yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Èyí tó wà lókè tẹ́lẹ̀ yóò bọ́ sísàlẹ̀, tìsàlẹ̀ yóò bọ́ sókè. Ẹ fa méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú kìíní pé.

Níbi ìpàdé yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe. Bí okùn méjèèjì bá gba ẹnu kan náà wọlé, òpó náà yóò kàn so rọ̀ síbẹ̀ ni, kò ní di ohunkóhun mú, ẹ ò sì ní mọ̀ títí ẹ ó fi fà á. Àmì tí ẹ ó máa wò ni pé lẹ́yìn ìpàdé kọ̀ọ̀kan, okùn kan gbọ́dọ̀ máa jáde lókè òpó, kí ọ̀kan máa jáde nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí méjèèjì bá jáde níbì kan náà, ẹ fà á padà lójú ẹsẹ̀.

Fún ojú kejì, ẹ fi etí kan sí okùn òkè, ẹ fi àárín kan sí okùn ìsàlẹ̀, ẹ mú òpó kan kí wọ́n tún pàdé nínú rẹ̀. Ohun tí ẹ ó máa ṣe nìyẹn títí ojú 27 yóò fi pé. Ẹ má yí iṣẹ́ náà dojú dé láàárín ọ̀nà, torí bí òkè bá di ìsàlẹ̀, funfun yóò bọ́ sí etí, pupa yóò bọ́ sí àárín, ẹ ó sì ní láti tú u. Bí ẹ bá fẹ́ sinmi, ẹ fi ìdìmú aṣọ kan okùn méjèèjì mọ́ tọ́wẹ̀lì.

Ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tí ojú 10 bá pé. Ó yẹ kó tó sẹ̀ǹtímítà 6. Bó bá ju 6.3 lọ, ẹ ò fà á tó, okùn sì ń yọjú láàárín ìlẹ̀kẹ̀ nìyẹn. Ọ̀nà tó dára láti fà á ni pé kí ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ tẹ ojú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé mọ́lẹ̀, kí ẹ sì fa ẹnu okùn kan sókè, èkejì sísàlẹ̀, láìyára, títí òpó yóò fi dúró gírígírí. Ẹni tó bá ń já a gbà lójijì ni okùn máa ń já mọ́ lọ́wọ́. Kò sì ṣeé ṣe kí ẹ hun gbogbo rẹ̀ ní dídẹ̀ kí ẹ wá fún un nígbà tó bá parí. Okùn kò ní gba inú òpó 28 kọjá lẹ́ẹ̀kan náà.

Yíyí sí ìlà kejì

Ojú 28 ló yàtọ̀, ẹ rọra kà á. Dípò kí okùn pàdé nínú òpó, inú àárín ni wọn yóò ti pàdé. Ẹ ki etí, òpó àti àárín bọ okùn òkè, ní ìtò yẹn. Okùn ìsàlẹ̀ kò ní gbé ìlẹ̀kẹ̀ kankan. Ẹ kàn mú un gba inú àárín tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kì náà, láti apá òsì rẹ̀ lọ sí ọ̀tún. Ẹ fà á. Ní báyìí okùn kan ń jáde lápá òsì àárín, ọ̀kan lápá ọ̀tún rẹ̀, àwọn méjèèjì sì wà nísàlẹ̀ ìlà kìíní. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n ṣì wà lára òpó tó gbẹ̀yìn, ẹ ti hun ojú 28 bí ẹni ń hun ti tẹ́lẹ̀. Ẹ tú ojú kan yẹn péré, ẹ tún un ṣe.

Ìlà kejì ń lọ láti ọ̀tún sí òsì. Okùn apá ọ̀tún yóò gbé òpó, etí àti òpó. Okùn apá òsì yóò wọ inú òpó tó gbẹ̀yìn nínú mẹ́ta yẹn látòkè, kí ó pàdé èkejì níbẹ̀. Ẹ fà á. Ojú àkọ́kọ́ nínú ìlà kejì rèé, ó so mọ́ abẹ́ ojú 28.

Láti ibẹ̀ lọ, ìlẹ̀kẹ̀ tuntun méjì péré ni ojú kọ̀ọ̀kan nílò. Okùn tó wà lókè yóò gba inú àárín funfun tó wà lókè òsì rẹ̀ kọjá, èyí tó ti wà lára ìlà kìíní tẹ́lẹ̀. Okùn ìsàlẹ̀ yóò gbé etí kan àti òpó kan. Lẹ́yìn náà okùn òkè yóò wọ inú òpó náà látòkè. Ẹ fà á, ẹ máa bá a lọ. Bí ẹ bá fo àárín kan láìgbà inú rẹ̀, ìlà kejì yóò ká bí ewé tó gbẹ, kò ní tẹ́ pẹrẹsẹ mọ́. Ẹ máa ka funfun: gbogbo rẹ̀ ni okùn gbọ́dọ̀ gbà kọjá lẹ́ẹ̀mejì.

Bí okùn bá kù tó sẹ̀ǹtímítà 15 láìtíì parí, ẹ má fi tipátipá hun ún lọ. Ẹ gé mítà 1 tuntun, ẹ gbà á kọjá nínú òpó tí okùn àtijọ́ ti pàdé kẹ́yìn, kí ẹnu rẹ̀ méjèèjì gùn dọ́gba. Ẹ ta tuntun mọ́ àtijọ́ lókè, ẹ ta á nísàlẹ̀, ẹ dá ẹnu okùn àtijọ́ padà sínú ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn kí ẹ tó gé e.

Húùkù, etí, àti ṣéènì

Nígbà tí ìlà kejì bá parí, ẹ ti padà sí apá òsì. Okùn kan ń jáde sókè láti ara òpó tó gbẹ̀yìn, ó dúró ní àárín fífẹ̀ ẹ̀gbà náà gan-an. Èkejì ń jáde nísàlẹ̀, ní igun.

Okùn tó wà ní àárín fífẹ̀ ni yóò gbé húùkù. Ẹ ki ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ 3 bọ̀ ọ́, òrùka húùkù, àti wẹ́wẹ́ 3 mìíràn, ẹ dá a padà kó di ìkọ́ kékeré, kí ẹ tún gba inú gbogbo rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ má fo ẹ̀ẹ̀kejì yìí. Húùkù ni ibi tí wọ́n ń fà jù lára ẹ̀gbà, ẹyọ okùn kan kò tó o. Ẹ wò ó bóyá òrùka húùkù náà ní àlàfo níbi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ pọ̀. Okùn lè yọ́ gba àlàfo yẹn jáde. Ẹ fi ẹ̀mú kékeré fún un pọ̀ kí ẹ tó lò ó.

Okùn náà yóò wá gba inú òpó àkọ́kọ́ ìlà kìíní lọ sókè, yóò jáde ní igun, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba inú àwọn etí òkè lọ sí ọ̀tún. Láàárín etí kan àti èkejì, ẹ fi wẹ́wẹ́ kan sí i. Àlàfo 27 ló wà. Okùn tó wà ní igun ìsàlẹ̀ yóò ṣe bákan náà nínú àwọn etí ìsàlẹ̀. Iṣẹ́ méjì ni èyí ń ṣe: ó ń dí àlàfo kí etí ẹ̀gbà lè gún régé, ó sì ń fi okùn kejì kún etí tí aṣọ àti irun ń gbá jù. Ẹ ṣọ́ra kí ẹ má fún un jù. Bí ẹ̀gbà bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi, ẹ dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ẹ fi ọwọ́ tẹ́ ẹ, kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

Ní ìpẹ̀kun ọ̀tún, okùn òkè yóò gba inú òpó ìpẹ̀kun sọ̀ kalẹ̀ sí àárín fífẹ̀, tìsàlẹ̀ yóò gba inú tirẹ̀ gòkè wá pàdé rẹ̀. Ẹ fi wẹ́wẹ́ 3, ojú ṣéènì tó gbẹ̀yìn, àti wẹ́wẹ́ 3 sí okùn òkè. Okùn kejì yóò gba inú gbogbo wọn kọjá láti òdìkejì. Ẹ fa méjèèjì, ìkọ́ náà yóò sì fún mọ́ra.

Kókó ìparí

Okùn ìpẹja ń yọ̀, kókó lásán kò lè dì í mú. Nígbà tí ẹ bá ń ta kókó àkọ́kọ́, ẹ lọ́ okùn mọ́ ara lẹ́ẹ̀mejì dípò ẹ̀ẹ̀kan, ẹ fà á wọlé. Ẹ tún ta ìkejì bákan náà, àti ẹ̀kẹta. Ẹ fi itọ́ tàbí omi díẹ̀ tutù ú kí ẹ tó fún un, torí gbígbẹ ló máa ń mú kí ọ̀rá ha ara rẹ̀ kó sì já. Ẹ kán kútẹ́ẹ̀sì ẹ̀kán kan péré sórí kókó náà. Àwọn kan máa ń lo gọ́ọ̀mù líle tó ń gbẹ lójú ẹsẹ̀. Ó ń dì mú lóòótọ́, àmọ́ ó ń sọ okùn di gbígbẹ tó ń kán, èéfín rẹ̀ sì máa ń fi funfun bí ẹfun lé ìlẹ̀kẹ̀ tó ń dán. Àwọn mìíràn a máa fi láìtà jó ẹnu okùn. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ nítòsí kókó: ooru kékeré kan tó láti yọ́ okùn tí ẹ kò rí nínú ìlẹ̀kẹ̀.

Nígbà tó bá gbẹ, ẹ dá ẹnu okùn kọ̀ọ̀kan padà sínú òpó tó wà nítòsí rẹ̀ àti etí 3 tàbí 4, ẹ ta kókó kékeré kan mọ́ okùn tó wà láàárín wọn, ẹ tún gba inú etí 2 kọjá, kí ẹ tó gé e mọ́ ara ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ fi ìka ra ibẹ̀: bí ó bá gún yín, yóò gún ẹni tó máa wọ̀ ọ́.

Ẹ so ẹ̀gbà náà kọ́ láti orí húùkù di ọjọ́ kejì. Okùn ọ̀rá máa ń nà díẹ̀ ní àkọ́kọ́. Bí ẹ bá rí i pé ojú kan ṣí lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi okùn tuntun gba àyíká ojú yẹn lẹ́ẹ̀kan, ẹ ta á, ẹ gé e. Kò sí ìdí láti tú gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ máa bọ́ ọ kó tó wẹ̀, kó fín lọ́fínńdà kó gbẹ kó tó wọ̀ ọ́, kó sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú àpò aṣọ dípò kó ká a mọ́ àwọn ìlẹ̀kẹ̀ mìíràn nínú agolo.